Ọjọ́ Tí A Lọ Ra Ẹsẹ̀ fún Ọkọ̀ Wa ní Ládípọ̀

Ọmọ mi kékeré ni ó kọ́kọ́ dá ariwo náà lóhùn. Nígbàkígbà tí a bá gun òkìtì símẹ́ńtì tí ó wà ní ẹnu géètì àdúgbò wa ní Kétu, abẹ́ ọkọ̀ a dún "kó-kò-kó" bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn ní òru, ọmọ náà a sì dáhùn láti àga ẹ̀yìn pé, "Ta nìyẹn?" A ó bú sẹ́rìn-ín. Bí oṣù méjì ni a fi ń rẹ́rìn-ín báyìí. Nígbà tí ó yá, ariwo náà kò dúró de òkìtì mọ́; kòtò kékeré ti tó o. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ọwọ́ ọ̀tún fúnra rẹ̀ bí mo bá dẹ ọwọ́ lára sítíárìn, táyà iwájú ọ̀tún sì ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ inú nìkan. Ẹ̀rín parí.

Toyota Camry ọdún 2004 ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí àwọn ènìyàn wa sọ ní "Big Daddy". Òun ni a fi gbé ọmọ kékeré yìí wálé láti ilé ìwòsàn nígbà tí a bí i, òun náà ni a sì fi ń gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Owó ọkọ̀ mìíràn kò sí, kí n má purọ́. Ìdí nìyí tí mo fi wà ní ọgbà mẹkáníìkì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ mi, tí mo ń wo abẹ́ ohun tí mo ti ń wà láti ọdún mọ́kànlá.

Mẹkáníìkì fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó sì mì ín. Táyà náà jó.

"Mọ́mì, ẹ fi ìka yín síbí."

Mo fi ìka kan ibi tí ó tọ́ka sí. Ó tún táyà náà mì. Ìka mi mọ̀ ọ́n kí etí mi tó gbọ́ ọ: irin ń lu irin.

Ẹsẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pe gbogbo ohun tí ó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, orúkọ náà sì bá a mu. Ṣọ́ọ̀kì dúró lóòró bí ojúgun, sípíríńgì sì yí i ká. Sípíríńgì ni ó ń gba ìwúwo ọkọ̀. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni kí ó má jẹ́ kí sípíríńgì máa fò sókè sódò lẹ́yìn tí kòtò bá ti kọjá. Nísàlẹ̀ wọn, irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní lówà áàmù nà láti abẹ́ ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ táyà. Búṣì, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n tẹ̀ sínú òrùka irin, ni ó so áàmù yìí mọ́ ọkọ̀. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni ó so ó mọ́ ibi tí táyà wà. Ẹni tí ó bá ti rí egungun itan àgbò ní ọjọ́ Iléyá, tí ó rí orí rẹ̀ roboto bí ó ti wọ inú ihò ìbàdí, ti rí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Gírísì ni ó ń jẹ́ kí ó yí wẹ́rẹ́, rọ́bà kékeré tí ó bò ó lórí ni kì í sì í jẹ́ kí omi àti iyanrìn wọ inú gírísì náà. Rọ́bà tiwa ti ya. A kò mọ ìgbà tí ó ya.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo rí ọkọ̀ kan tí ó kúnlẹ̀ lórí Afárá Third Mainland. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè lò. Táyà iwájú rẹ̀ kan ti ká sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó rọ́, imú ọkọ̀ sì fẹnu kan ilẹ̀. Ọkùnrin tí ó ni ín jókòó sí ẹ̀gbẹ́ afárá, ó káwọ́ lérí, ọ̀sà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ tí gbogbo wa ń bú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ó gbà á là, nítorí kò lè sáré. Nígbà tí mẹkáníìkì sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì wa lè yọ nínú ihò rẹ̀, pé kò sì ní ké sí mi kí ó tó yọ, ọkùnrin yẹn ni mo rí. Ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀ ni ọmọ mi àgbà yóò padà sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Ó kọ ohun tí a nílò sí ẹ̀yìn ewé kàlẹ́ńdà kan: ṣọ́ọ̀kì iwájú méjì, ti ẹ̀yìn méjì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì méjì, lówà áàmù méjì, lìńkéèjì méjì, àti ìjókòó ṣọ́ọ̀kì méjì. "Ẹ fi owó náà sínú àkáǹtì mi, Mọ́mì. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, mo ti dé Ládípọ̀."

"A ó jọ lọ ni," ni mo wí.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wò mí. "Ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ o."

"N ó wọ bàtà rọ́bà."

Ìdí tí mo fi fẹ́ lọ kò ṣe é sọ lójú rẹ̀. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ó bá mi ra ṣọ́ọ̀kì iwájú méjì. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ́ìlì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lára ọ̀kan. Ó ní ọ̀nà Èkó ni ó bà á jẹ́. Èmi ní ọlọ́jà ni ó rẹ́ wa jẹ. A sọ̀rọ̀ náà tì síbẹ̀, ó sì ń dùn mí, nítorí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé àwọn ọlọ́jà máa ń fi nǹkan sí mẹkáníìkì lọ́wọ́ nígbà tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò bá sí níbẹ̀. N kò ní ẹ̀rí. Ọwọ́ ọkùnrin yìí mọ́ nínú iṣẹ́, ó ti bá mi jí ọkọ̀ yìí dìde lẹ́ẹ̀mejì ní òru. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀.

Ládípọ̀ wà ní Múṣín, ní ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ tí ó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá. Títì yìí kan náà ni àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gbà kó kọ̀ǹténà bọ̀ láti èbúté Àpápá àti Tin Can, nítorí náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ẹ̀bá rẹ̀ ni ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tẹ̀dó sí. A wọ dáńfó láti Kétu dé Òṣòdì, a wọ òmíràn níbẹ̀, a sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Toyota. Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí àmì rere. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni; mẹkáníìkì ti kìlọ̀ pé kí a má fi í di Ọjọ́bọ̀, nítorí òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọjà Èkó ń ṣe ìmọ́tótó, ilẹ̀kùn kì í sì í yá ṣí.

Kí a tó wọ inú ọjà ni imú ti wọ̀ ọ́. Òórùn díṣẹ́ẹ̀lì, òórùn rọ́bà, òórùn ọ́ìlì tí ó ti mu ilẹ̀ yó títí tí ilẹ̀ fi dúdú tí ó sì ń dán bí awọ. Àwọn ẹ́ńjìnnì jókòó ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ lórí táyà, wọ́n ń wo ẹni tí ń kọjá. Wọ́n fi okùn so ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì kọ́ òrùlé bí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ yan. Bọ́ńpà wà lórí páànù, ilẹ̀kùn ọkọ̀ fara ti ògiri, iná iwájú ọkọ̀ kún inú apẹ̀rẹ̀ bí ẹyin. Àwọn tí ń ti ọmọlanke ń pariwo "Àgò o! Ẹ yà lọ́nà!", ẹni tí kò bá sì tètè yà yóò fi aṣọ rẹ̀ gbé ọ́ìlì lọ sílé. Mo yà lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn ọmọ Ìgbò ni ó pọ̀ jù lára àwọn ọlọ́jà, Yorùbá tí wọ́n sì ń sọ dán mọ́rán ju èyí tí àwọn ọmọ mi ń sọ lọ. "Mọ́mì, kí lẹ ń wá? Camry? Corolla? Sienna? Ẹ wá wò ó, owó kọ́ la fi ń wò ó." Kò sí ẹni tí ó ń fi ọdún pe ọkọ̀ níbẹ̀. "Pencil light" ni wọ́n ń wí, tàbí "Muscle", bí ó bá sì jẹ́ Honda, "End of Discussion". Honda kan tilẹ̀ wà tí wọ́n sọ ní "Evil Spirit". Ẹni tí ó fún un ní orúkọ yẹn, tí ó sì fi í gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi, ó wù mí kí n bá a sọ̀rọ̀.

Orúkọ ni ó gba ọkàn mi bí a ti ń rìn. Tòkunbọ̀ ni àwa Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé padà wá sílé. Ní Nàìjíríà lónìí, kò sí ẹ̀yà tí kò fi orúkọ yìí pe ọkọ̀ àlòkù tí ó ti ìlú òyìnbó dé. Ní Ládípọ̀, wọ́n tún ní òmíràn: wọn a ní ẹ̀yà ara ọkọ̀ yìí jẹ́ "Bẹ́ljíọ̀mù". Kì í ṣe pé Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ṣe é. Èbúté Antwerp tí ó wà ní ilẹ̀ náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń di ọkọ̀ àlòkù jù lọ sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní àdúgbò Heyvaert ní Brussels sì ni àwọn oníṣòwò ọkọ̀ àlòkù ti pọ̀ jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òmíràn a gba Kútọnú wọlé sí wa. Èyí tí ìjàm̀bá bá ti bà jẹ́ jù, tàbí èyí tí wọ́n ti gé sí méjì, ni wọ́n ń tú palẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ẹyọ ẹyọ. Bẹ́ẹ̀ ni egungun ọkọ̀ tí ẹnìkan fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú òtútù ṣe di ohun tí a so kọ́ òrùlé ní Múṣín.

Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ohun tí ilé iṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀ ṣe, wọn kò sì fẹ́ èyí tí ó jẹ́ tuntun láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí ó wà nínú páálí tí ó lẹ́wà ju ohun inú rẹ̀ lọ. Ó tún dín lówó, ìyẹn sì ni ọ̀rọ̀ gan-an. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦500 ní ilé ìfowópamọ́. Kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Gbogbo ohun tí ó wà ní Ládípọ̀ ni ó gba orí omi wá, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́ ìròyìn náà. Mo ní ₦250,000 lọ́wọ́. Ní ìgbà kan, owó yẹn ì bá ra ẹsẹ̀ fún ọkọ̀ mẹ́ta.

Ìsọ̀ àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì mú mi lọ jẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó yára bí iná. Kí a tó kí ara wa tán, ó ti gbé ṣọ́ọ̀kì iwájú méjì wá. "Bẹ́ljíọ̀mù, Mọ́mì. Ojúlówó. Ẹ wo ara rẹ̀." Ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán. ₦42,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹkáníìkì gbé e, ó yí i padà, ó ní, "Èyí dára."

Mo kàn fẹ́ kí n mọ bí ó ti wúwo tó ni. Nígbà tí mo gbé e sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi dúdú. Kì í ṣe ọ́ìlì. Mo fi ìka fi ìka, ó lẹ̀. Ọ̀dà ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kò tí ì gbẹ.

Mo wo mẹkáníìkì. Ó ń wo ilẹ̀.

Mo ní ẹ jẹ́ kí a mu omi ná. Obìnrin kan ń ta ọsàn ní ìkóríta ìsọ̀; a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bó méjì fún wa. Mo bi í ní ìbéèrè náà ní ohùn tí mo fi ń bi àbúrò mi léèrè nǹkan. "Èló ni wọ́n máa ń fún ọ?"

Ó fa ọsàn náà títí ó fi tán kí ó tó dáhùn. "Ó ń lọ sí bí ohun tí ẹ bá rà bá ṣe rí, Mọ́mì. Lórí ṣọ́ọ̀kì bí irú ìyẹn, ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí ọ̀kan. Lórí àáàmù, ẹgbẹ̀rún méjì, mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ tuntun tí ó dára, wọn kì í fún wa ní nǹkan kan, nítorí èrè tiwọn gan-an kò pọ̀ lórí rẹ̀."

Mo dúró sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyẹn ni pé bí ọjà bá ṣe burú tó ni ìpín rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. N kò tí ì rò ó dé ibẹ̀ rí. Mo rò pé olè lásán ni.

"Gbogbo rẹ̀ lónìí, èló ni ìbá jẹ́?"

Ó ṣírò rẹ̀ sínú. "Á tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún."

"N ó fi ogún náà kún owó iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà kankan."

Mo rò pé yóò dúpẹ́. Ohun tí ó sọ yàtọ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú sí mi o. Mo ń san owó ilẹ̀ tí mo wà. Mo ní ọmọ iṣẹ́ méjì tí wọ́n ń jẹun. Bí mo bá pe owó iṣẹ́ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ó ná an di mẹ́jọ. Gbogbo yín ni. Ẹ kì í ná ọlọ́jà bí ẹ ti ń ná wa."

Òótọ́ ni. Mo ti ń ná an fún ọdún mọ́kànlá, mo sì ti ń fi í ṣe ìgbéraga láàrin àwọn ọ̀rẹ́ mi pé mo mọ owó ná. Mo san owó ọsàn, a sì kúrò níbẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, ẹlòmíràn ni mo ń tẹ̀ lé. Ní ìsọ̀ kejì, ó fi èékánná họ ọ̀dà ara ṣọ́ọ̀kì kan, ó fi ìpẹtà abẹ́ rẹ̀ hàn mí. Ó ká rọ́bà tí ó bo ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó sì mú àtàǹpàkò mi, ó fà á lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà. "Kí ni ẹ gbọ́?" Ó rí gbúngun-gbùngun ní ibì kan. "Ibẹ̀ ni yóò ti máa gé rọ́bà inú, tí ọ́ìlì yóò fi máa jáde." Ní ìsọ̀ kẹta, ó fi gbogbo ara tẹ ṣọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀, ọ̀pá náà wọlé kò sì jáde mọ́. "Èyí ti kú, wọ́n kàn wẹ̀ ẹ́ fún ìsìnkú ni." Ọlọ́jà náà pòṣé, ó bi í ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ojú pópó bóyá kò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́ ni. Kò dá a lóhùn. Mo rí i pé ó ná an ní nǹkan. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni yóò tún padà wá bá nígbà tí n kò bá sí níbẹ̀.

Ní ẹ̀yìn ọjà, níbi tí ariwo ti dínkù díẹ̀, a bá bàgbà kan tí ó wọ awò ojú, tí ó jókòó láàrin páálí títí dé àjà. Ara Ìgbò ni, ohùn rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sọ̀. Mo bi í bóyá ó ní ṣọ́ọ̀kì Bẹ́ljíọ̀mù. Ó mi orí.

"Irin àlòkù, mo lè tà á fún yín, ìyá mi. Rọ́bà àti ọ́ìlì, rárá. Ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú tiyín. Ṣé arúgbó ni yóò gbé arúgbó?"

Ó gbé ṣọ́ọ̀kì tuntun kan jáde. Wọ́n ti fi okùn ọ̀rá di ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé okùn náà, ó sì gbé ṣọ́ọ̀kì dúró sórí tábìlì láìfọwọ́ kàn án mọ́. Ọ̀pá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí bọ̀ wá sókè díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tí ó fà á, bí ìgbín tí ó gbọ́ òjò. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ inú rẹ̀ ni ó ń tì í. Mẹkáníìkì tẹ̀ ẹ́ padà, ó tún yọ. A wo nọ́ńbà ara páálí, a wo èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Wọ́n bára mu. Bákan náà ni a ṣe sí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì: mo yí orí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, ó le, ó ń lọ ní ìwọ̀n kan náà yíká, kò já sí òfìfo níbikíbi.

₦130,000 ni ó pe ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Ẹ wá wo mẹkáníìkì mi tí ń ná ọjà! Ó ní bàbá ń lé wa lọ, ó dìde, ó jókòó, ó rán an létí oníbàárà mẹ́rin tí òun yóò mú wá. A bọ́ sí ₦118,000. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì méjì jẹ́ ₦36,000, ìjókòó ṣọ́ọ̀kì ₦30,000, lìńkéèjì ₦22,000. Ó wá ku lówà áàmù. Bàgbà náà béèrè bóyá irin tiwa ti tẹ̀. Kò tẹ̀. "Kí ni ẹ wá fẹ́ fi áàmù ẹlòmíràn ṣe? Ẹ ra búṣì, ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ sínú irin yín." Mẹkáníìkì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ, ó ní áàmù odidi yá láti so ju kí a gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ búṣì lọ, ìdí tí òun fi kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Búṣì mẹ́rin, ₦28,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦234,000.

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kù síta. Mo wo ₦16,000 tí ó kù lọ́wọ́ mi, mo wo ìwé kàlẹ́ńdà. Fún ₦60,000 péré, mo lè rí àlòkù méjì gbà fún ẹ̀yìn kí ariwo lè parí pátápátá. Mo lè fi fóònù yá owó náà. Mo bi mẹkáníìkì: bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ ńkọ́? Ó ní ti ẹ̀yìn kò tí ì jò, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Kò ní mú táyà yọ. Ó ní èyí tí ó lè pa ènìyàn ni a ti rà yìí. Bàgbà náà kọ rìsíìtì, ó fi orúkọ ọkọ̀ sí i, ó ní bí a bá rí àbùkù kí a dá a padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kò fi nǹkan kan sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó fún wa ní omi inú ọ̀rá.

Bí a ti ń jáde, ọkùnrin kan ń jà pẹ̀lú ọlọ́jà lórí irin sítíárìn odidi kan tí kò wọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọkọ̀ Jàpáànì ni wọ́n ti yọ ọ́. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún títì, tí sítíárìn wa sì wà ní òsì. Ti àwọn ará Jàpáànì wà ní ọ̀tún títí di òní. Ṣọ́ọ̀kì lè má mọ̀, ṣùgbọ́n sítíárìn mọ ìlú rẹ̀.

Mo gba àyè ní ibi iṣẹ́ ní ọjọ́rú, mo jókòó sórí àga onígi ní ọgbà mẹkáníìkì láti àárọ̀ di agogo mẹ́rin. Wọ́n gbé áàmù lọ tẹ búṣì, wọ́n gbé e padà. Bóòtì kan àti nọ́ọ̀tì méjì ni ó mú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì mọ́ áàmù. Nígbà tí ó tú ti àtijọ́, ó jù ú sí mi lọ́wọ́. Orí rẹ̀ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ bí ọrùn adìyẹ tí a ti pa. Mo dì í mú fún ìgbà pípẹ́.

Ohun kan wà tí mo ṣàkíyèsí. Ó so gbogbo rẹ̀ tán, ó sì fi bóòtì búṣì sílẹ̀ láìfún un le. Ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí táyà, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ méjèèjì jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fò díẹ̀, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Nígbà náà ni ó wọ abẹ́ ọkọ̀ bí ó ti dúró nílẹ̀ pẹ̀lú sípánà, tí ó ń wá ọ̀nà mí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fún un nígbà tí àyè wà.

"Bí mo bá fún un le nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ dirodiro lókè, bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sílẹ̀, rọ́bà yóò ti lọ́. Bí yóò ṣe máa wà ní lílọ́ nìyẹn títí yóò fi ya."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni o ṣe nígbà tí o pààrọ̀ búṣì ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn?"

Sípánà dákẹ́ lábẹ́ ọkọ̀. "Ìyẹn... mo kánjú lọ́jọ́ náà, Mọ́mì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni ẹ san."

Mo san owó iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ₦20,000 tí a ṣàdéhùn, n kò ná an. Ọkọ mi gbọ́ iye náà ní alẹ́, ó ní ṣé mo ti di olówó ni. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe alignment, nítorí pé ẹsẹ̀ tí wọ́n bá tú kì í dúró ní ọ̀kánkán mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n wọ̀n ọ́n; táyà tí ó ti ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ni mo gbé lọ sí ẹ̀yìn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, a di ẹrù ọmọ: àpótí, korobá, gàárì, mílíìkì, bẹ́ẹ̀dì fóòmù tí a so mọ́ orí ọkọ̀. A dé òkìtì ẹnu géètì. Mo rọra gùn ún, gbogbo wa sì dákẹ́. Iwájú sọ̀ kalẹ̀ láìsí ohùn. Ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, ó mì lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí ó rẹ̀, ó sì dúró.

"Kò sí ẹnìkankan," ni ọmọ kékeré wí láti ẹ̀yìn, ó sì dà bí ẹni pé inú rẹ̀ kò dùn tó.

A gba márosẹ̀ Ìbàdàn dé Ṣàgámù, a yà sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Mo dẹ ọwọ́ lára sítíárìn níbi tí títì ti tẹ́jú, ọkọ̀ kò yà sí ibì kankan. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àtijọ́ wà nínú àpò ilẹ̀kùn lọ́wọ́ òsì mi, ó ń yí gbirigbiri ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ bíréèkì.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mẹkáníìkì pè mí. Oníbàárà rẹ̀ kan tí ó ní Corolla ti gbọ́, ó fẹ́ bá a lọ sí ọjà, ó sì ń béèrè iye tí mo fi kún owó iṣẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ sọ ọ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ó sọ ọ́. Mo tún bi í nípa ti ẹ̀yìn ọkọ̀ tiwa. A fi í sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó bá kẹ́yìn oṣù, bí owó oṣù bá ti wọlé.